Pásẹ́ńtì ti kí ni? Ìrírí wa lórí iṣẹ́ tí kò tíì parí àti owó tí a ti kà sí tiwa

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, oníṣirò owó ní Èbúté Mẹ́ta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, mo fẹ́ sọ ọ́ síta kó má bàa ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn.

Iṣẹ́ wáyà àti lífíìtì ni ilé iṣẹ́ wa máa ń gbà ṣe. Lọ́dún kan, a gba iṣẹ́ ilé alájà mẹ́fà kan nítòsí Broad Street, ní Erékùṣù Èkó. 100 mílíọ̀nù náírà ni àdéhùn. A fojú bù ú pé a máa ná 80 mílíọ̀nù lórí rẹ̀: 50 mílíọ̀nù fún lífíìtì méjì tó ń bọ̀ láti òkè òkun, 30 tó kù fún wáyà, páìpù àti owó àwọn oníṣẹ́.

Nígbà tí oṣù Kejìlá fi máa parí, àwọn lífíìtì ti kúrò ní wáàfù Àpápá. Oníbàárà ti gbà wọ́n lọ́wọ́ wa, ó ti fọwọ́ sí ìwé, wọ́n wà ní ìsàlẹ̀ ilé náà nínú páálí wọn. Ẹnikẹ́ni ò tíì tú wọn. Nínú 30 mílíọ̀nù yẹn, 6 péré la ti ná.

Mo fẹ́ pa ìṣirò ọdún dé, mo wá ṣí Microsoft Project tí àwọn ẹnjiníà fi ń tọ́pa iṣẹ́. 40% ló wà níbẹ̀. Mo lọ wo ìwé ìnáwó: a ti ná 56 nínú 80, ìyẹn 70%. Mo bá pe ẹnjiníà tó wà lórí iṣẹ́ náà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ bá iṣẹ́ dé gan-an?" Ó ní, "Màdáàmù, ká má tan ara wa, a ò tíì ṣe tó ìdá kan nínú mẹ́rin."

Iṣẹ́ kan ṣoṣo, lọ́jọ́ kan ṣoṣo, iye mẹ́ta! Ọ̀gá wa fara mọ́ 70, torí báńkì ń béèrè ìwé ìṣirò lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi náà sì gbà pé òun ló tọ̀nà, nítorí pé owó kì í purọ́, bí mo ṣe rò ó nígbà náà. Mo kọ 70 mílíọ̀nù sílẹ̀ bí owó iṣẹ́ tí a ti ṣe, mo yọ ìnáwó 56 kúrò, èrè di mílíọ̀nù 14. Ọ̀gá dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wa, ó sì ṣèlérí ẹ̀bùn ìparí ọdún.

Ọ́dítọ̀ dé ní oṣù Kẹta. Ọmọkùnrin kékeré kan ni, ó tẹríba kí mi dáadáa, ó wá bi mí ní ìbéèrè kan: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, pásẹ́ńtì ti kí ni?"

Mi ò lè dáhùn.

Òun ló là á yé mi. 40% tí Microsoft Project ń gbé jáde, ọjọ́ ló ń kà: ọjọ́ tó ti lọ nínú iye ọjọ́ tí a là sílẹ̀ fún iṣẹ́. Kò mọ owó, kò sì mọ bí iṣẹ́ ṣe wúwo tó. Òpó mìíràn wà nínú sọ́fítíwíà yẹn kan náà fún wákàtí iṣẹ́, òmíràn tún wà fún ohun tí a fojú rí pé ó ti parí, àmọ́ a ò kọ nǹkan kan sínú wọn rí. 70% ní tiẹ̀, owó ló ń kà. IFRS 15, ìlànà ìṣirò owó àgbáyé tó rọ́pò àwọn ìlànà àtijọ́ IAS 11 àti IAS 18 láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2018, gbà wá láyè láti fi ìnáwó díwọ̀n iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ra ohun èlò olówó ńlá lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tó ti dọ́wọ́ oníbàárà ṣùgbọ́n tí a ò tíì dè é mọ́ ilé, rírà yẹn kì í ṣe iṣẹ́. Iye tí a rà á gan-an la máa kà sí owó tó wọlé lórí rẹ̀, láìsí èrè kankan.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. A yọ lífíìtì kúrò: 6 nínú 30, ó jẹ́ 20%. 20% nínú 50 mílíọ̀nù tó kù nínú àdéhùn jẹ́ mílíọ̀nù 10. A wá dá 50 ti lífíìtì padà, ó di 60. Ẹ yọ ìnáwó 56. Mílíọ̀nù 4 ni èrè wa, kì í ṣe 14.

Ẹnjiníà ti sọ òótọ́ fún mi láti oṣù Kejìlá. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ẹ̀yin náà ńkọ́?

Ọmọ ẹgbẹ́ kan, Yábàá

Ẹ ṣé mà. Áàpù la máa ń kọ, wákàtí la sì fi ń díwọ̀n. 1,000 wákàtí la fojú bù fún iṣẹ́ kan. Nígbà tí ìwé wákàtí dé 800, mo kọ 80%. Mi ò béèrè ohun tí wọ́n fi 800 náà ṣe. Àṣé 200 nínú rẹ̀ lọ sórí ojú ìwé ìsanwó tí a kọ́kọ́ ṣì ṣe, tí a tún tú palẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wákàtí tó ṣòfò ò sún iṣẹ́ síwájú. 600 nínú 1,000 la wà, 400 ló sì ṣì kù níwájú wa.

Ohun kejì: ẹ ṣọ́ra fún "90%". Mo ti rí iṣẹ́ tó wà ní 90% fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní tiwa báyìí, 0 tàbí 100 ni, ẹni tó ń dán áàpù wò ló sì ń kọ 100, kì í ṣe ẹni tó kọ ọ́.

Ọmọ ẹgbẹ́ kan, Ìkẹjà

Iná oòrùn ni tèmi. Àdéhùn 48 mílíọ̀nù, ìnáwó 40. A ti ná 24, páńẹ́ẹ̀lì ti wà lórí òrùlé, iṣẹ́ wà ní 60%. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ìjọba tú náírà sílẹ̀, dọ́là fò sókè. Bátìrì tí a ò tíì rà gbówó lérí, gbogbo ìnáwó di 50. Sọ́fítíwíà ṣì ń sọ pé 60%, torí kò sẹ́ni tó wọlé lọ yí ìfojúbù padà. 24 nínú 50, 48% ni! Owó iṣẹ́ 28.8 mílíọ̀nù tí a ti kọ sílẹ̀ ní láti wálẹ̀ sí 23.04. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti di àdánù mílíọ̀nù 2, gbogbo àdánù yẹn la sì ní láti kọ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, a ò lè pín in sí oṣù tó ń bọ̀. Ẹ̀yin tó ń ra ọjà pẹ̀lú dọ́là, ẹ máa tún ìfojúbù yín wò lóṣooṣù, mo bẹ̀ yín.

Ọmọ ẹgbẹ́ kan, Ṣómólú

Ìwé ni mò ń tẹ̀ ní tèmi, mi ò lò ju ìwé àkọsílẹ̀ lọ. Oníbàárà san àsansílẹ̀ 70% fún kàlẹ́ńdà. Mo kà á sí owó tó wọlé, mo fi tún ẹ̀rọ ṣe. Nígbà tó tó àkókò láti ra pépà, kò sí owó mọ́. Ṣé irú ọ̀rọ̀ yín nìyí?

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Òun gan-an ni, Bàbá. Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Gbèsè iṣẹ́ ni àsansílẹ̀ títí kàlẹ́ńdà yóò fi dọ́wọ́ ẹni tó ni í. Ojú ewé ọ̀tọ̀ ni kẹ́ ẹ máa kọ ọ́ sí.

Ẹ̀yin yòókù, ẹ ṣeun. Ní tiwa, a ti fi òpó kan kún ìwé ìnáwó: "ohun tí a rà, tí a ò tíì dè." Ẹnjiníà ló ń kọ ọ́, èmi kì í fọwọ́ kàn án. Ní oṣù Kẹfà tí lífíìtì àkọ́kọ́ gbéra láti ìsàlẹ̀ dé àjà kẹfà, òun ló pè mí lórí fóònù pé, "Màdáàmù, ẹ lè yọ ọ̀kan kúrò nínú òpó yẹn báyìí."