Ìwé àtijọ́ tí ẹ fi etí gbọ́: kí ni ojú yín rí?

Olóbì Ṣágámù: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìwé ẹ̀sìn àtijọ́ nínú fóònù, tàbí ìwé àwọn tó ń ro ìlú tí kò lábùkù, kó wá sọ tirẹ̀. Tèmi rèé. Obì ni mò ń ṣà ní Sábó, ọwọ́ dí, etí ṣófo. Ni mo bá gbé ìwé John Bunyan sí i, ìtàn ọkùnrin kan tó di ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ sẹ́yìn, tó ń rìn lọ sí ìlú ọ̀run, èyí tí àwọn ìyá wa mọ̀ sí Ìlọsíwájú Èrò-mímọ́. Òyìnbó ni wọ́n fi kà á, ẹni tó kà á ò kánjú. Nígbà tí ẹrù já bọ́ lẹ́yìn ọkùnrin yẹn níbi àgbélébùú, àṣé mo ti ń da obì tí kòkòrò jẹ mọ́ èyí tó dáa. Odidi apẹ̀rẹ̀ kan ni mo tú ṣà.

Ọmọ Ìperu: Ti yín sàn. Ìwé tí Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ayé àtijọ́, fi jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni mo kì sétí nínú bọ́ọ̀sì láti Ọjọ́ta. Ó ń ronú lórí èso kan tó jí lọ́mọdé, ó ń ronú, ó ń ronú. Ṣágámù ló yẹ kí n bọ́ sílẹ̀. Ariwo “Ìjẹ̀bú-Òde wọlé o!” ló jí mi.

Táwà: Torí èso! Mángòrò tí àwa jí ńkọ́?

Bàbá Ìbejì: Utopia ti Thomas More ni tèmi, ìwé ìlú àfinúrò, ti 1516. Apá kìíní sú mi, àríyànjiyàn lórí bí wọ́n ṣe ń yẹgi fún olè. Ṣùgbọ́n apá kejì! Wákàtí mẹ́fà ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ lójúmọ́, wúrà ni wọ́n fi ń ṣe póò.

Ọmọ Ìperu: Póò kẹ̀? Ọkọ̀ ibẹ̀ dà?

Alárà Òde: Ìjẹ̀bú ò lè gbébẹ̀. Wọn kì í náwó láàárín ara wọn, aṣọ kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀. Kí la máa fi ṣe Ojúde Ọba?

Bàbá Ìbejì: Ṣé régbèrégbè, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí yín, kì í wọ aṣọ kan náà lọ síbẹ̀ ni?

Alárà Òde: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bà mí lórúkọ jẹ́. Tiwa ń yí padà. Tiwọn ò tiẹ̀ rí aró rí.

Ìyá Ìjẹ̀bú-Igbó: Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Bunyan. Èyí tí David Hinderer túmọ̀, àlùfáà CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Gẹ̀ẹ́sì, tó gbé Ìbàdàn, ni ìyá mi àgbà ń kà fún wa lálẹ́, bó ṣe ń rin ewùrà. Tó bá dé ibi tí òmìrán ti tì wọ́n mọ́lé, ó máa dákẹ́, á tún ewùrà mú, á máa rin ín. Àwa á máa kígbe, “Mọ́mì, ṣé wọ́n jáde?” Mo gbọ́ ti inú fóònù lóṣù tó kọjá. Ohùn dùn, àmọ́ kò dúró dè mí. Mo sì dá a dúró fúnra mi níbẹ̀, mo jókòó jẹ́ẹ́.

Olóbì Ṣágámù: Ìyá, ẹ ti pa mí lẹ́kún.

Tíṣà Àgọ́-Ìwòyè: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá ọkọ̀ Utopia, ẹrú wà níbẹ̀ o. Ẹ̀wọ̀n wúrà ni wọ́n fi ń de àwọn kan. Ìlú tí kò lábùkù wo nìyẹn? Ẹ wo Ayétòrò ní Ìlàjẹ, onígbàgbọ́ dá a sílẹ̀ ní 1947, nígbà náà wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń jẹ. Ìyẹn ló yẹ kí wọ́n kà sínú fóònù, kí òkun tó gbé e tán.

Táwà: Ìlàjẹ kì í ṣe Ìjẹ̀bú.

Tíṣà Àgọ́-Ìwòyè: Ta ló ní ó jẹ́ Ìjẹ̀bú?

Alárà Òde: Ẹ dákun, kí ló dé tí ẹ̀wọ̀n ò jìnnà sí àwọn tó kọ irú ìwé yìí? Bunyan lo ọdún méjìlá. Campanella tó kọ ìwé Ìlú Oòrùn, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Wọ́n bẹ́ More lórí ní 1535.

Bàbá Ìbejì: Ẹni tó bá ní ìlú lè dáa ju báyìí lọ, ọba á gbọ́.

Ọmọ Ìperu: Gbígbọ́ kì í ṣe kíkà ṣá. Ẹ máa purọ́ pé ẹ ka ìwé.

Olóbì Ṣágámù: Ìwọ tó sùn dé Òde ló ń sọ̀rọ̀. Ìyá Ìjẹ̀bú-Igbó, ìwé ìyá àgbà ṣì wà? Ẹ kà á sínú fóònù fún wa. Ní LibriVox, ìkànnì ìwé àfetígbọ́, ọ̀fẹ́ làwọn èèyàn fi ń kàwé sílẹ̀.

Ìyá Ìjẹ̀bú-Igbó: Ó wà. Ikán ti jẹ ewé mélòó kan níwájú. Mo lè kà á, àmọ́ n ò lè ṣe ohùn òmìrán.

Táwà: Dátà mélòó ló máa jẹ?