Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá fáìlì tí òdo kún ìdí ẹ̀ pàdé, ẹ wá sọ tiyín

Àkàndé_dátà: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Ẹ̀rọ ìgbohùn kan wà níbi iṣẹ́ wa, kó tó gba ohùn kankan ló ti ya àyè ńlá sọ́tọ̀ fún fáìlì, tí ohùn bá wá tán, òdo ló kún ìyókù títí dé ìdí. Python ni mo fẹ́ fi gé e. Báwo lẹ ṣe ń mọ ibi tí dátà gan-an parí sí?

Bọ̀dá Tẹ́ẹ̀kì: rstrip(b'\x00'), á gé gbogbo báìtì òdo tó wà nídìí ẹ̀ dànù. Ó tán.

Ìyá Ìbejì: Ó tán kẹ̀! Ẹ rọra o ẹ̀gbọ́n. Ohùn ló pè é o, nínú WAV 16-bit (fáìlì ohùn) tẹ́nì kan bá tẹ mute, òdo náà ló máa wọlé. Ká tiẹ̀ fi ti ohùn sílẹ̀, ẹ tẹ struct.pack('<I', 1) (ó máa ń sọ nọ́ńbà 1 di báìtì mẹ́rin) kẹ́ ẹ wo ohun tó máa jáde: 01 00 00 00. rstrip yín á jẹ mẹ́ta nínú báìtì mẹ́rin. Èmi máa ń sún ibi tó bá dúró sí síwájú títí rẹ́kọ́ọ̀dù, ìyẹn ìdì báìtì tí ìwọ̀n ẹ̀ kì í yí padà, á fi pé.

Bọ̀dá Tẹ́ẹ̀kì: Tí rẹ́kọ́ọ̀dù tó kẹ́yìn bá wá jẹ́ òdo látòkè délẹ̀ ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Ẹ ka header, ìyẹn orí fáìlì, nìyẹn. RIFF, ètò tí WAV ń lò, ń kọ gígùn dátà síbẹ̀.

Àkàndé_dátà: Header gan-an òdo ni mà. Ìgbẹ̀yìn ni ẹ̀rọ yẹn máa ń padà wá kọ ọ́, wọ́n sì ti mú iná lọ.

jẹ́jẹ́ ayé: 😂😂 NEPA!

Ọmọ Ọ̀fà: Ọ̀rọ̀ iná yìí ká mi lára o, fáìlì lọ́ọ̀gì wa níjọ́sí, tẹ́ ẹ bá fi ls wo ìwọ̀n ẹ̀, ó pé pérépéré, ẹ ṣí i, ọ̀rọ̀ dé àárín ìlà kan ó já, ó di òdo lọ ràì, ọ̀gá wa ní àwọn yàhúù ni

Ṣóyẹmọ́: Irọ́. NEPA mọ òdo kọ?

Ọmọ Ọ̀fà: Filesystem, ètò tó ń to fáìlì sórí dísíìkì, ti kọ ìwọ̀n tuntun sílẹ̀, dátà ṣì wà ní RAM (tó máa ń pa rẹ́ tí iná bá lọ) nígbà tí iná lọ. Kí lẹ fẹ́ kó wà níbẹ̀?

Alágbẹ̀dẹ kóòdù: Ẹ má ka gbogbo fáìlì wọ RAM torí rstrip o, láptọ́ọ̀pù á dákú. f.seek(0, 2) lọ sí ìdí fáìlì, kẹ́ ẹ máa padà sẹ́yìn ní 64KB, 64KB. Èyí tí rstrip ẹ̀ ò bá ti ṣófo, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gígùn ohun tó kù, ibẹ̀ ni òpin.

jẹ́jẹ́ ayé: Binary search, kẹ́ ẹ máa pín fáìlì sí méjì méjì wá òpin ẹ̀, á yá jùyẹn lọ

Alágbẹ̀dẹ kóòdù: Tí òdo bá wà láàárín dátà ńkọ́? Á kó síbẹ̀, á ní dátà ti tán.

Ìyá Ìbejì: Bí fọ́tò JPEG bá ni, FF D9, àmì òpin ẹ̀, ni kẹ́ ẹ wá, rfind (tó ń wá a látẹ̀yìn) o, kì í ṣe find, torí thumbnail (fọ́tò kékeré) inú EXIF, àlàyé tó wà nínú fọ́tò, náà ní tiẹ̀. Tar, tó ń kó fáìlì pọ̀ sójú kan, ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀, búlọ́ọ̀kù òdo méjì tó kẹ́yìn ẹ̀, ara ẹ̀ ni. Gzip, tó ń fún fáìlì pọ̀ kó kéré, ò tiẹ̀ ń yọ Python lẹ́nu, Python máa ń fo òdo ìdí ẹ̀.

Ṣóyẹmọ́: Gbogbo wàhálà yìí, ẹ ra ínfátà.

Ọmọ Ọ̀fà: Ínfátà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà! Bátìrì ló kú.

Ṣóyẹmọ́: Mo ní tubular méjì nílẹ̀ o, Ìbàdàn ni mo wà.

Bọ̀dá Tẹ́ẹ̀kì: Ẹ wo ọkùnrin yìí. A ń sọ̀rọ̀ báìtì, ó ń ta bátìrì.

Àkàndé_dátà: Èló ni?