Àṣẹ ta ni mo nílò lórí ìtàn àwa olólùfẹ́ fíìmù?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní Ṣágámù, àwa olólùfẹ́ fíìmù Yorùbá kan fọwọ́ kọ ìtàn láti ibi tí fíìmù náà parí sí, ìwé nóòtù 14. Ikán ti jẹ mẹ́ta létí. Tí mo bá ṣí wọn, bébà á máa dà sílẹ̀ bíi gaàrí. Ó dùn mí gan-an. Mo ti fi fóònù ya gbogbo rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ̀wé sí olófíìmù, kò fèsì. Ọ̀kan nínú àwa tó kọ ọ́ ti dolóògbé, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Ìkẹ́nnẹ́. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti ọdún 2022 sì ní ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ń wà fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, tí àwọn ọmọ náà bá gbà, ṣé mo lè gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, àbí dandan ni àṣẹ olófíìmù?