Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni kí n rà àbí ẹlẹ́sẹ̀ méjì? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí alùpùpù ìrìn-àjò

Tíṣà Arówómọlé:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ń gbé. Mo ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, alùpùpù ni mo sì fi ṣe iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Orí Honda CG 125 ni mo ti bẹ̀rẹ̀.

Ní báyìí tí àwọn ọmọ ti dàgbà, èmi àti ìyàwó mi fẹ́ máa rìnrìn àjò. A fẹ́ lọ wo adágún Ìyàkẹ́ lórí òkè Adó-Àwáyè, a fẹ́ dé Ìkògòsì níbi tí omi gbígbóná ti ń pàdé omi tútù, a sì fẹ́ gba Ìgbòho lọ sí Ìgbẹ́tì. Àwọn ọmọ ní ká wọ bọ́ọ̀sì. A ò fẹ́ bọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá ti gun alùpùpù láàárọ̀ kùtùkùtù, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí i láyà, tí òórùn ewé tútù ń bọ̀ láti inú oko, á mọ ìdí rẹ̀.

Orúnkún mi òsì ló ń yọ mí lẹ́nu. Tí mo bá ti wà lórí ìrìn, kò sí wàhálà. Àmọ́ tí mo bá ní láti dúró, tí mo fẹsẹ̀ tilẹ̀, tí ìyàwó mi wà lẹ́yìn tòun ti ẹrù, ó máa ń ro mí wọ egungun. Àbúrò mi tó wà ní Kánádà wá ní òun lè ra Can-Am Spyder RT àlòkù fún mi, kí òun fi ránṣẹ́ nínú kọ̀ńténà. Fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, táyà méjì ló ní níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ilé-iṣẹ́ BRP ti Kánádà ló bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lọ́dún 2007. Tó bá dúró, ó dúró nìyẹn, kò ní wó. Ó lè fi ẹ̀yìn rìn, ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ sì ní ibi tí èèyàn ń fẹ̀yìn tì àti ibi tí wọ́n ń gbé apá lé.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ọ̀yọ́ ní kí n má dán an wò, pé ẹlẹ́sẹ̀ méjì gidi ni kí n rà, bíi Honda Gold Wing tàbí BMW GS. Ọ̀rọ̀ náà ti wá dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Under-G:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni kẹ́ ẹ gbà. Gold Wing Tour tí wọ́n dárúkọ fún yín yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 380 kìlógíráàmù, ẹ̀yin àti ìyá wa ò tíì gùn ún o, ẹ ò sì tíì di ẹrù lé e. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹsẹ̀ tó dá ṣáṣá pàápàá ò lè gbé e dúró. Ẹni tí orúnkún ń dùn kò gbọdọ̀ sún mọ́ irú ẹ̀.

Ọmọ Àkẹ̀sán:
Bàbá, ẹ kú ilé. Ọ̀nà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí àwọn tó ń yin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta nínú fídíò, ọ̀nà tiwọn kì í ṣe irú tiwa.

Ipa kan ṣoṣo ni ẹlẹ́sẹ̀ méjì ń tọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí kòtò, ẹ ó yà fún un díẹ̀, táyà iwájú á kọjá, tẹ̀yìn á tẹ̀ lé e, ó parí. Ipa mẹ́ta ni Spyder ń tọ̀: ọ̀tún, òsì àti àárín. Tẹ́ ẹ bá yọ táyà ọ̀tún nínú kòtò, tẹ̀yìn lè bọ́ sí i. Tẹ́ ẹ bá sì ní kí kòtò náà gba abẹ́ kọjá, kó wà láàárín táyà méjèèjì, bí awakọ̀ mọ́tò ṣe máa ń ṣe, táyà ẹ̀yìn á já sí i gbì! Ìyá wa tó jókòó sórí táyà ẹ̀yìn yẹn gan-an ló máa jẹ ìyà rẹ̀. Àwọn ọlọ́kẹ̀kẹ́ Márúwá mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, ohun tó ń gbà wọ́n ni pé kẹ̀kẹ́ kì í sáré tó bẹ́ẹ̀.

Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tún sún mọ́ ilẹ̀ jù. Nǹkan bíi mílímítà 115 péré ló wà láàárín rẹ̀ àti ojú títì. Àwọn òkìtì tí àwọn ará abúlé máa ń mọ sójú ọ̀nà kí mọ́tò má baà sáré pa wọ́n lọ́mọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ha á nísàlẹ̀. Ó sì fẹ̀ ju mítà kan àbọ̀ lọ, ìyẹn ni pé ó fẹ̀ ju kẹ̀kẹ́ Márúwá. Lójú ọ̀nà àtijọ́ láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí tírélà kan bá ya tírélà ẹgbẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹlẹ́sẹ̀ méjì á rí etí ọ̀nà sá sí. Ẹ ò ní ríbi sá sí pẹ̀lú Spyder. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyẹn, kí n má purọ́ fún yín.

Bọ̀dá Ontario:
Ẹ kú àárọ̀ láti ìhín. Mo máa ń gun Spyder, mo sì ti gun ẹlẹ́sẹ̀ méjì pẹ́ kí n tó dórí ẹ̀. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ kòtò tí Ọmọ Àkẹ̀sán sọ. Àmọ́ nǹkan mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ, òun ló sì le jù.

Lórí ẹlẹ́sẹ̀ méjì, tẹ́ ẹ bá ti ń sáré, tẹ́ ẹ fẹ́ yà sọ́tùn-ún, apá ọ̀tún háńdù lẹ máa ń tì síwájú fẹ́ẹ́rẹ́. Alùpùpù á wá fẹ̀gbẹ́ sọ́tùn-ún, á sì yà. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é lójoojúmọ́ tí kò mọ̀ pé òun ń ṣe é, ọwọ́ ló mọ̀ ọ́n. Spyder kì í fẹ̀gbẹ́ rárá. Ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ lẹ máa yí háńdù sí, bí ẹni ń yí sítíárìn mọ́tò. Tẹ́ ẹ bá ti apá ọ̀tún síwájú, òsì ló máa gbé yín lọ. Ẹni tó ti gun ẹlẹ́sẹ̀ méjì láti kékeré bíi tiyín, tí ewúrẹ́ bá já sọ́nà lójijì, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa ṣe. Ẹni tí kò gun alùpùpù rí máa ń tètè mọ Spyder gùn ju àwa àgbà lọ. Tẹ́ ẹ bá máa rà á, ẹ wá ibi tó tẹ́jú, tí kò sí ọkọ̀, kẹ́ ẹ fi kọ́ ọwọ́ yín lọ́tun kẹ́ ẹ tó gbé ìyá wa sẹ́yìn.

Ní kọ́nà, torí pé kì í fẹ̀gbẹ́, ṣe ló máa fẹ́ ju ara yín síta. Ẹni tó wà lẹ́yìn ló máa mọ̀ ọ́n lára jù. Ọ̀nà Ìkògòsì tẹ́ ẹ dárúkọ, tẹ́ ẹ bá dé àwọn òkè apá Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, kọ́nà lórí kọ́nà ni. Ìyá wa á fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè jọ̀wọ́ ibi ìgbápálé yẹn.

Kí n má fi dídára rẹ̀ pamọ́. Bíréèkì ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló ní, kò sí ti ọwọ́, ẹsẹ̀ yẹn ló sì ń mú táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀. Lórí iyanrìn tàbí yẹ̀pẹ̀ tó ń yọ̀, ẹlẹ́sẹ̀ méjì á gbé yín lulẹ̀ níbi tí Spyder á ti rọra kọjá. Bẹ́ẹ̀ sì ni èyí tó jẹ́ SE kò ní kílọ́ọ̀ṣì, àtàǹpàkò òsì lẹ máa fi tẹ jíà. Orúnkún òsì yín á sinmi pátápátá. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún àgbàrá tó bá dúró lójú títì. Táyà ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀, ó sì pẹlẹbẹ. Tẹ́ ẹ bá fi eré wọ omi, ó lè léfòó.

Ọmọ Under-G:
Ẹ̀gbọ́n, Harley Tri Glide ńkọ́? Tiẹ̀ jọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ọ̀kan níwájú, méjì lẹ́yìn. Mo sì tún rí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń fẹ̀gbẹ́.

Bọ̀dá Ontario:
Tri Glide ti wà láti ọdún 2009, ó sì rọ ìjókòó gan-an. Àmọ́ wo bí kẹ̀kẹ́ ṣe máa ń dojú dé. Awakọ̀ á sáré wọ kọ́nà, á tẹ bíréèkì, gbogbo ìwúwo á sún síwájú níbi tó jẹ́ pé táyà kan ṣoṣo ló wà. Táyà méjì níwájú bíi ti Spyder ló ń fara da irú ìyẹn jù. Àwọn tó ń fẹ̀gbẹ́ tó o rí, Piaggio MP3 ló ṣáájú wọn lọ́dún 2006, Yamaha wá gbé Niken jáde lọ́dún 2018. Niken dùn ní kọ́nà, àmọ́ tó bá dúró, ẹsẹ̀ ẹni ni èèyàn máa fi gbé e dúró bíi ti ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Kò ran orúnkún Bàbá lọ́wọ́.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ jọ̀wọ́, nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ jẹ́ n dá sí i. Ẹ ti ń sọ̀rọ̀ táyà àti bíréèkì láti àárọ̀, kò sí ẹni tó béèrè ohun tí ìyàwó Bàbá sọ. Àwọn náà ló máa jókòó lé e o! Ẹ̀yìn àwọn àgbàlagbà obìnrin kò fẹ́ gbígbọ̀n. Tí táyà ẹ̀yìn bá ń já sí kòtò bí ẹ ṣe wí, ìbàdí ló máa gbà á.

Bàbá, ẹ lọ jẹ́ kí dókítà tó mọ̀ nípa egungun yẹ orúnkún yẹn wò kẹ́ ẹ tó náwó lórí ohunkóhun. Orúnkún tí wọ́n lè tọ́jú wà, èyí tó jẹ́ pé ìnira rẹ̀ á máa pọ̀ sí i náà wà. Irú èyí tó bá jẹ́ ló yẹ kó sọ irú alùpùpù tẹ́ ẹ máa rà.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kò nílò àkoto. Mo rántí ọdún 2009 tí wọ́n sọ àkoto di dandan káàkiri Nàìjíríà, tí àwọn ọlọ́kadà kan ń dé igbá sórí kí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó má baà mú wọn. Igbá kò gba orí là. Ẹ ra ojúlówó méjì, kí ti ìyá wa má jẹ́ àlòkù.

Mẹ́káníìkì Òwódé:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa ń gbé àwọn alùpùpù ńláńlá wá ní Ọ̀yọ́ níbí. Spyder, kọ̀ǹpútà ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣọ́ ọ kó má baà dojú dé, òun ló ń bá yín tì háńdù. Tí iná kan bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kò sí ohun tí etí tàbí sípánà lè ṣe, àyàfi ẹni tó bá ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ka kọ̀ǹpútà rẹ̀. Èmi ò ní in. Ẹni tó ní in ní ìtòsí, mi ò tíì bá a pàdé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti táyà. Táyà iwájú rẹ̀ jọ ti mọ́tò kékeré. Fọ́kánáísà tó bá ti rí i, iye atẹ́gùn tó ń fún mọ́tò ló máa fún un. Spyder kò wúwo tó mọ́tò, atẹ́gùn tó fẹ́ níwájú kéré sí ti mọ́tò dáadáa. Tí wọ́n bá fún un yó, á máa ta pọ́ún pọ́ún lórí gbogbo òkúta, háńdù á sì máa fà sọ́tùn-ún sósì. Ẹni tó bá ní in gbọ́dọ̀ ní géèjì tirẹ̀ lápò, kó sì máa dúró ti fọ́kánáísà títí tó fi máa ṣe tán. Lẹ́yìn, bẹ́líìtì ló ní, kì í ṣe ṣéènì. Kò gba òróró, ó sì mọ́, àmọ́ tí òkúta bá há sí i lójú ọ̀nà eléruku tó sì gé e, Kánádà ni ẹ máa kọ̀wé sí.

Tíṣà Arówómọlé:
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí ìyàwó mi létí lálẹ́ àná. Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì dùn mọ́ wọn nínú. Wọ́n ní iye táyà kọ́ ni ìṣòro àwọn, pé ibi ìfẹ̀yìntì lẹ́yìn ni àwọn ń fẹ́, àti kí àwọn má baà dúró ní Odò-Ọbà nínú oòrùn pẹ̀lú nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò lè tún ṣe. Ọ̀rọ̀ kòtò àti ti tírélà ló wọ èmi náà lára. Mo mọ ọ̀nà yẹn.

Mo ti gbà láti lọ rí dókítà. Àmọ́ ṣé ẹlẹ́sẹ̀ méjì wà tí kò wúwo, tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì, tí ẹsẹ̀ òsì ò ní ṣe wàhálà jíà, tí ẹsẹ̀ mi méjèèjì á sì kan ilẹ̀? Mo ga díẹ̀.

Ọmọ Àkẹ̀sán:
Ó wà, Bàbá. Ẹ wo Honda NC750X, èyí tó jẹ́ DCT. Nǹkan bí 224 kìlógíráàmù ni, Gold Wing fi nǹkan bí 150 kìlógíráàmù wúwo jù ú lọ. Ó ń pààrọ̀ jíà fúnra rẹ̀, kò sí kílọ́ọ̀ṣì. Abẹ́ ìjókòó ni táńkì epo rẹ̀ wà, ìwúwo rẹ̀ wà nísàlẹ̀, torí náà kì í ṣòro láti gbé dúró. Ìjókòó rẹ̀ ga ní mílímítà 800, ti BMW GS tí ọ̀rẹ́ yín ń sọ tó 850. Ìyàtọ̀ kékeré yẹn ni ẹsẹ̀ fi ń tẹlẹ̀ dáadáa. Ẹ ní kí wọ́n de àpótí tó ní tìmùtìmù sẹ́yìn, ìyá wa á rí ibi fẹ̀yìn tì. Honda Rebel 1100 tún wà, ìjókòó rẹ̀ ga ní nǹkan bíi mílímítà 700, òun náà ní DCT, àmọ́ ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ kéré, mi ò lè bá ìyá wa yàn án.

Mẹ́káníìkì Òwódé:
Mo fara mọ́ NC. Èyí tí mo lè fọwọ́ kàn nìyẹn. Kìkì pé DCT kì í ṣeé tì jí. Tí bátìrì bá kú lọ́nà, kẹ́ ẹ pe gbogbo ọ̀dọ́ abúlé wá tì í, kò ní jí. Bátìrì tuntun ni kẹ́ ẹ fi sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ sì fi wáyà tí wọ́n fi ń jí bátìrì sínú àpótí.

Bọ̀dá Ontario:
Tí dókítà bá ní orúnkún yẹn ò lè gbé ẹlẹ́sẹ̀ méjì mọ́ rárá, ọ̀rọ̀ á yí padà o, ẹ ó tún padà sídìí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má gun òru, ẹ má gun ọ̀nà tí wọ́n ń tún ṣe lọ́wọ́, ẹ sì jẹ́ kí àbúrò yín ra bẹ́líìtì àti táyà sínú kọ̀ńténà kan náà.

Tíṣà Arówómọlé:
Mo ti pe àbúrò mi pé kó dáwọ́ dúró ná. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni dókítà á rí mi. Tó bá ti fọwọ́ sí i, NC750X DCT ni mò ń wá, tòkunbọ̀ tó mọ́. Ẹni tó bá gbọ́ nípa ọ̀kan ní Ìbàdàn tàbí Ìlọrin, kó jọ̀ọ́ sọ fún mi níbí.

Mẹ́káníìkì Òwódé:
Ẹ má sanwó kí n tó rí i o, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ ní tútù títí n ó fi dé, èmi fúnra mi ni mo fẹ́ jí i.