Ǹjẹ́ ọmọ SS2 lè ti máa kó kírẹ́díìtì yunifásítì jọ?

Bàbá Àìná, Kàbà

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Àbúrò mi tí ó ń gbé ní Texas sọ fún mi pé ọmọ òun, tí kò tíì jáde ní ilé-ìwé girama, ti ní kírẹ́díìtì mẹ́sàn-án ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, àti pé bí ó bá wọ yunifásítì, kò ní tún àwọn iṣẹ́ náà ṣe mọ́. Ẹgbẹ́ ni ọmọ náà àti ọmọbìnrin mi, ẹni ọdún 15 tí ó wà ní SS2 níhìn-ín. Àbúrò mi fẹ́ kí ó wá sọ́dọ̀ òun lẹ́yìn WAEC. Ǹjẹ́ ọ̀nà kan wà tí ó lè gbà bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú kírẹ́díìtì bẹ́ẹ̀ jọ láti ìhín, kí ìnáwó wa lè fúyẹ́ díẹ̀? Bí físà kò bá sì bọ́ sí i, ṣé yóò wúlò ní yunifásítì Nàìjíríà?

Olùkọ́ Físíìsì, Mọ̀pà

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Bàbá Àìná. Kírẹ́díìtì tí àwa máa ń béèrè bóyá ọmọ ní márùn-ún nínú WAEC kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sọ lọ́hùn-ún. Tiwọn jọ yúnìtì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wa ń kà: kọ́ọ̀sì kan sábà máa ń jẹ́ mẹ́ta, oyè àkọ́kọ́ sì máa ń gba nǹkan bí 120. Ó ṣeé ṣe kí mẹ́sàn-án ọmọ náà jẹ́ kọ́ọ̀sì mẹ́ta péré.

Ọ̀nà méjì ni ó wọ́pọ̀ jù. Dual credit ni ti ọmọ girama tí ó ń ṣe iṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí iṣẹ́ kan náà sì ń kà fún un níbi méjèèjì. Ilé-ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti bá kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ṣe àdéhùn, nítorí náà ẹ má wá a ní àwọn girama tiwa. AP ni èkejì, ìdánwò tí College Board, àjọ ìdánwò kan ní Amẹ́ríkà, máa ń ṣe ní oṣù karùn-ún, tí èsì rẹ̀ ń lọ láti 1 dé 5. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ń gba 3, àwọn tí ó le a máa béèrè 4 tàbí 5. Ọmọ tí ó wà ní Nàìjíríà lè ṣe é bí ó bá rí ibi ìdánwò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò bá ti WAEC mu pátápátá, èmi kò sì ní gbà á nímọ̀ràn pé kí ọmọ SS2 ru ẹrù méjì.

Ní ti Nàìjíríà, kò sí iṣẹ́ SS tí yunifásítì ń kà sí yúnìtì. Èyí tí ó jọ ọ́ ni àwọn ètò ìgbáradì fún yunifásítì: IJMB, tí ABU Zaria ń bójú tó, àti JUPEB. Iṣẹ́ mẹ́ta ni ọmọ yóò ṣe fún nǹkan bí ọdún kan, lẹ́yìn náà ni yóò gba Direct Entry JAMB wọ 200 level, bí yunifásítì tí ó fẹ́ bá ń gbà á fún ẹ̀kọ́ náà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn girama ni wọ́n ń ṣe é, pẹ̀lú kírẹ́díìtì WAEC márùn-ún lọ́wọ́. Kí n sọ ojú abẹ níkòó, kò gé ọdún kankan kúrò: ọdún tí a lò nídìí IJMB ni ọdún 100 level tí a fò. Ẹnu ọ̀nà mìíràn ni ó jẹ́ fún ẹni tí UTME kò gbè. Ọdún 16 sì ni JAMB fi ṣe ààlà ìwọlé, nítorí náà kò sí ohun tí a ń kánjú sí.

Ọmọ Ìsánlú, Houston

Ẹ̀gbọ́n, okun o. Ní Texas níbí, kírẹ́díìtì 42 kan wà tí wọ́n ń pè ní core, ìyẹn àwọn ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ gbogbogbò, tí ẹni tí ó bá parí rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba kan lè gbé lọ sí òmíràn. Ìṣòro wà nínú èyí tí kò sí lábẹ́ core. Ọmọkùnrin mi ṣe kọ́ọ̀sì méjì nígbà tí ó wà ní girama. Yunifásítì tí ó wọ̀ gbà wọ́n, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àfikún lásán, wọn kò sì dín ohun kan kù nínú iṣẹ́ ẹnjiníà tí ó lọ kọ́. Owó ti lọ. Bí mo bá ti mọ̀, orúkọ yunifásítì àti ẹ̀ka ni ǹ bá kọ́kọ́ mú, kí n bi wọ́n léèrè kí n tó san kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ kí àbúrò yín mọ̀ pẹ̀lú pé máàkì dual credit ń wọ ìwé àkọsílẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ọmọ, kò sì ní kúrò níbẹ̀. Èsì AP tí kò dára, ẹ lè má fi ránṣẹ́ rárá.

Ti ọmọ yín, ẹ jẹ́ kí ó gbájú mọ́ WAEC. Bí ó bá débí, CLEP wà: ìdánwò fún ẹni tí ó ti mọ iṣẹ́ kan tẹ́lẹ̀, èsì rẹ̀ wà láàárín 20 àti 80, 50 sì ni ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ń béèrè.

Bàbá Àìná, Kàbà

Mo dúpẹ́ púpọ̀. N óò béèrè orúkọ yunifásítì náà lọ́wọ́ àbúrò mi lálẹ́ òní. Bí ó bá ṣe IJMB kí físà tó dé, ṣé wọn yóò kà á fún un lọ́hùn-ún?

Olùkọ́ Físíìsì, Mọ̀pà

A Level ti Cambridge ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ sínú àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n ń gbà. Fún IJMB, ẹ kọ lẹ́tà sí yunifásítì náà kí ẹ tó san owó fọ́ọ̀mù.