Clojure (èdè ìkọ kóòdù): kí ló dé tí map, tó ń lo iṣẹ́ kan lórí gbogbo ohun inú àtòkọ, kò ṣiṣẹ́ nínú fáìlì?

ỌmọKábà: Okun o, ẹ̀yin ará. Iye owó àpò kaṣú mẹ́ta ló wà nínú owo:

(def owo [42000 45500 39000])
(map println owo)

Ní REPL (ibi tí a ti ń tẹ kóòdù tí èsì sì ń jáde lójú ẹsẹ̀), gbogbo rẹ̀ ló ń jáde. Nínú fáìlì, ó dákẹ́ lọ gbári, kò sì sí àṣìṣe kankan. Kí ló fà á?

Ẹ̀gbẹ́_kóòdù: Okun. Ọ̀lẹ ni map. Kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan àfi bí ẹnìkan bá bèèrè èsì. REPL ń bèèrè, torí ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde. Nínú fáìlì yín, ta ló bèèrè? Ẹ lo èyí:

(run! println owo)

nil (òfo) ni run! ń dá padà o, ẹ má gbà á pamọ́. Bó bá jẹ́ èsì lẹ fẹ́, mapv máa ń ṣe é lójú ẹsẹ̀:

(mapv #(+ % 500) owo) → [42500 46000 39500]

Mopa_òkè: Kì í ṣe ìgbà gbogbo ni ọ̀lẹ yẹn máa ń bu ẹyọ kan ṣoṣo. Nínú (first (map f (range 100))), níbi tí f ti jẹ́ iṣẹ́ yòówù tí ẹ kọ, tí range sì ń kó nọ́ńbà 0 sí 99 wá, ẹyọ àkọ́kọ́ nìkan la bèèrè, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejìlélọ́gbọ̀n ni f máa ṣiṣẹ́, torí 32-32 ni range ń kó nǹkan wá. Bí f bá ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, èèyàn 32 ti gbà á nìyẹn!

ỌmọKábà: run! ti ṣe é. Bí mo bá fẹ́ so orúkọ mọ́ owó ńkọ́?

Ẹ̀gbẹ́_kóòdù: (map vector oruko owo), tí oruko bá jẹ́ àtòkọ orúkọ yín. Ṣùgbọ́n ibi tí èyí tó kúrú bá parí sí ló ń dúró: orúkọ mẹ́rin, owó mẹ́ta, ẹni kẹrin á pòórá láìsí ariwo. Ẹ kọ́kọ́ fi count wo méjèèjì.