Iṣan yín ti já rí nídìí irin? Ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Òkè-Àdó

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Iṣan tí mò ń wí ni okùn tó so ẹran mọ́ eegun. Ẹ̀yìnkùlé ọ̀gá wa n'Íbàdàn la ti ń gbé irin. Agolo tí a da sìmẹ́ǹtì sí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Lọ́jọ́ náà, mo gbé kílò 60 lé èjìká, mò ń fi ìka ẹsẹ̀ dìde, mò ń sọ̀ kalẹ̀. Àfi pàù! Àfi bíi pé ẹnì kan la igi mọ́ mi ní gìgísẹ̀ òsì. Mo yíjú padà kí n bú onítọ̀hún. Ògiri ni mo bá lẹ́yìn mi.

Kò dùn mí tó bí mo ṣe rò, ìyẹn ló tàn mí jẹ. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń lọ sọ́dọ̀ teguntegun. Ó ń fi òrí wọ́ ọ, ẹsẹ̀ ń wú sí i. N ò bú bàbá náà o, ṣùgbọ́n iṣan tó já kì í ṣe eegun tó yẹ̀.

Nílé ìwòsàn, dókítà ní kí n dojú bolẹ̀, kí ẹsẹ̀ mi yọ síta bẹ́ẹ̀dì. Ó fún ẹran ẹ̀yìn ojúgun ọ̀tún, ẹsẹ̀ náà mì bí ẹni mi orí. Ó fún tòsì, kò mira. Ó ti já pátápátá. Ló bá bi mí pé oògùn wo ni mo lò láìpẹ́ yìí. Cipro ni, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, mo rà á ní kẹ́mísì fún táífọ́ọ̀dù tí n kò yẹ̀ wò. Ó ní irú oògùn yẹn lè sọ iṣan di ẹlẹgẹ́, ti gìgísẹ̀ ló sì máa ń mú jù. Láti 2008 ni àjọ tó ń mójú tó oògùn l'Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ rẹ̀ gàdàgbà. Kò lè búra pé òun ló fà á, èmi náà ò lè búra. Ìwé inú páálí yẹn sì rèé, mo ti jù ú nù kí n tó gbé kóró àkọ́kọ́ mì.

Wọ́n rán an. Ó di oṣù kẹsàn-án lẹ́yìn rẹ̀ kí n tó lè fi ìka ẹsẹ̀ òsì nìkan dìde.

Apá Irin

Ẹ pẹ̀lẹ́, bọ̀dá. Apá ni tèmi, ní London níbí. Deadlift ni, ìyẹn kí èèyàn gbé irin nílẹ̀ títí yóò fi nàró, kílò 180, àtẹ́lẹwọ́ kan kọjú sí mi, èkejì kọjú síwájú. Apá tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kọjú síwájú ni iṣan rẹ̀ já níbi ìgúnpá. Ẹran apá sáré gòkè bí òkété tó rí ajá. Wọ́n ní kí n má fi iṣẹ́ abẹ falẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, torí iṣan náà yóò máa sún sókè, yóò sì ṣòro láti fà padà. Láti ìgbà náà, àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ló ń kọjú sí mi.

Ìyá Ìbejì

Tèmi ò já, dídùn ló ń dùn mí lábẹ́ orúnkún. Mo sinmi oṣù méjì. Ọjọ́ tí mo padà ló tún bẹ̀rẹ̀. Fisiọ, ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan, ní ìsinmi lásán kọ́ ló máa wò ó: kí n máa gbé irin, ṣùgbọ́n kí n máa sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọkọ mi ń wò mí, ó ní ṣé irin ni mò ń gbé ni àbí mò ń tòògbé.